Òṣèrébìnrin Tí Clem Rodda Fẹ́

Lọ́jọ́ tí Clem Rodda mú ìyàwó tuntun wọlé ní Moonta Bay, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Merle Trezise, kò wo aṣọ ìyàwó, kò wo bàtà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń wò. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Merle fi rí omi tó ń jáde lójú yẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú eré ilé ìwòsàn kan tí tọmọdé tàgbà ń wò. Obìnrin yìí ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì inú eré náà. Bí aláìsàn bá kú, á sunkún. Bí dókítà bá já a kulẹ̀, á sunkún. Merle náà á máa bá a sun ún, tíì rẹ̀ á sì tutù sọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Coralie Venn dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, tí omi lé ròrò sójú rẹ̀, tó ní, "Merle, inú mi dùn pé mo fojú kàn yín," ṣe ni Merle rọra fà sẹ́yìn. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, ṣé èyí tí wọ́n ń sanwó fún nìyí, àbí ọ̀fẹ́ ni?

Ọdún 1984 ni. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Clem, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú láti ọdún márùn-ún, ọkà bálì ló ń gbìn. Coralie jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Àwọn tó ń ya fíìmù ló gbé e wá sí ìlú. Wọ́n fẹ́ ya ìtàn àwọn tó wa bàbà ní Moonta láyé àwọn bàbá ńlá, wọ́n sì yá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí bàbá Clem fi sílẹ̀ lọ́wọ́ Clem. Ìyàwó awakùsà tó kú ni Coralie ṣe níbẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin péré ló sọ. Nígbà tí àwọn yòókù palẹ̀ mọ́ padà sí Melbourne, òun ò bá wọn lọ. Ó yá réèkì, irin eléyín tí wọ́n fi ń wa akàn, lọ́wọ́ Clem, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó bọ́ sínú òkun tó ti fà sẹ́yìn, ó ń wa akàn bí ọmọ ìlú.

"Kí ló ń wá?" Merle bi àbúrò rẹ̀ nígbà náà.

"Akàn," Clem dáhùn.

"Akàn! Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tó ti bá àwọn olówó jẹun, akàn ló wá wá sọ́dọ̀ ọkùnrin tí eyín rẹ̀ ò pé mọ́."

"Merle, eyín mi ò dun obìnrin náà."

Merle ò rẹ́rìn-ín. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò lé ejò, ejò ń lé wa ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ó ní àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí pé láyé ìgbà náà, kò sí ìyàwó ilé kan ní Moonta tí kò fẹ́ràn ọ̀gá nọ́ọ̀sì yẹn. Ìwé ìròyìn sọ pé ọmọ dókítà ni Coralie Venn, pé Adelaide ni wọ́n bí i sí, pé ilé ìwé àwọn ọmọ olówó ló lọ. Ṣùgbọ́n Coralie fúnra rẹ̀, nídìí tíì ọjọ́ Sátidé, sọ pé Peterborough lòun ti wá, nínú eruku lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Bàbá òun ló ń kó èédú sínú iná ọkọ̀, ìyá òun ló ń gbálẹ̀ ilé sinimá. Coral Noske lorúkọ tí wọ́n sọ òun.

Orúkọ méjì, bàbá méjì. Merle kọ̀wé sí ìbátan ọkọ rẹ̀ kan tó ń gbé ní Peterborough. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Òótọ́ ni, àwọn Noske gbé ibẹ̀ rí. Ìyá wọn ò lówó tí yóò fi san owó ìwọlé ọmọ, ló bá máa ń gbé e jókòó lórí garawa lẹ́yìn aṣọ funfun tí wọ́n ń ta fíìmù sí. Ẹ̀yìn ni ọmọ náà ti ń wo fíìmù. Gbogbo ìwé tó bá hàn níbẹ̀, òdìkejì ló ń kà. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, kò sì padà wá àfi nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Ó yẹ kí ọkàn Merle balẹ̀. Kò balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìbéèrè kalẹ̀ láàárín tíì àti páì.

"Ta ló wá parọ́ fún ìwé ìròyìn?"

"Iléeṣẹ́ tó ń ya eré náà ni," Coralie dáhùn. "Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ akóèédú gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì."

"Ìwọ wá ń wò wọ́n níran?"

"Mo ń wò wọ́n níran. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú kí iṣẹ́ yẹn tó dé."

"Fún ọdún mọ́kànlá."

"Fún ọdún mọ́kànlá."

Clem bú sẹ́rìn-ín. "Merle, ṣé ẹ ti wọṣẹ́ ọlọ́pàá ni?"

Kì í ṣe pé obìnrin náà sọ òótọ́ ni Merle gbé sọ́kàn lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó gbé sọ́kàn ni pé ẹni tó lè gbé irọ́ mì fún ọdún mọ́kànlá láìjẹ́ kó ta á láhọ́n, kò sí ohun tí kò lè gbé mì.

Ọ̀nà tí Coralie gbà dé ibẹ̀ kò rọrùn. Ní Adelaide, orí rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀. Torí òun ló kéré jù, òun ni wọ́n ń ní kó ké bí ìkókó, kó sì ké bí adìyẹ. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Melbourne. Nínú eré àwọn ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀meje ló kú. Wọ́n fún un lọ́rùn, wọ́n rì í sómi, wọ́n wọ́ ọ jáde nínú bùtù ọkọ̀. Àwọn ayàwòrán fẹ́ràn rẹ̀, torí ó lè dá èémí dúró pẹ́. Ìgbà tó wà lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ti ń ṣe ìyá olè. Láàárín eré kan sí èkejì, ó ń gbé bíà fún àwọn oníbàárà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó fẹ́ ayàwòrán kan, ọdún mẹ́ta, ó tú ká. Lẹ́yìn náà ni ipò ọ̀gá nọ́ọ̀sì dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, wọ́n pín ìwé eré, ó ṣí i, ó kà á pé ọ̀gá nọ́ọ̀sì já sódò ó sì kú. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé eré náà jáde, obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jà, ó ní, "Háà, ṣé o ò kú?" Lẹ́yìn ìyẹn, ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ àti tíì ló kù.

Gbogbo èyí ni Coralie ń sọ tí kò sunkún. Èyí tún bí Merle nínú: ibi tó yẹ kó ti sun ún kọ́ ló ti ń sun ún.

Ní ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn ni Merle rí i pé Clem ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló máa ń wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Merle; ní báyìí, Coralie ò yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́, Coralie ló sì ń wakọ̀. Tẹ́lẹ̀, Clem lè jókòó wákàtí kan kó má sọ ju "hẹn" lọ, ní báyìí, bó bá ti wọlé, á wo ojú Merle tààrà, á ní, "Merle, orúnkún yín ńkọ́?"

Ọdún mẹ́wàá ni orúnkún yẹn ti ń dun Merle. Clem ò bi í rí.

Ó tún ń sọ pé, "Bálì ọdún yìí ò burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òjò ló wà." Ó tún ní àwàdà kan nípa pásítọ̀ tí akàn gé níka lọ́jọ́ ìrìbọmi. Àwàdà náà dùn lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kẹta, Merle ṣàkíyèsí pé ibì kan náà ló ti ń dúró mí, ibì kan náà ló ti ń gbé ọwọ́ sókè. Ó wo Coralie. Ẹnu Coralie ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bá akọrin kọrin nínú.

Ní Tuesday kan, Merle yan páì mẹ́fà, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé àbúrò rẹ̀ lọ́sàn-án láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n pa dé. Kó tó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn Coralie láti ilé ìdáná.

"Má wò mí. Ẹni tó bá béèrè ni kí o wò. Mí sínú, kí o wá sọ ọ́ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí ọ lọ́kàn ni."

"Ilẹ̀ mi," Clem wí, "mi ò tíì fẹ́ fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Ó dáa gan-an. Tí wọ́n bá wá ní, 'Royce ńkọ́?'"

"Royce… Royce á ní sùúrù."

"Tún un sọ. Rẹ́rìn-ín díẹ̀ tí o bá dé orí 'sùúrù.'"

Royce ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Merle bí. Ilẹ̀ rẹ̀ bá ti Clem pààlà, Clem ò sì bímọ. Ohun tó ti ń fura sí láti ọdún mẹ́ta, òun ló wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ yìí. Àlejò fẹ́ fi ẹnu onílé gba ilẹ̀ onílé. Ó yí padà láìkan ilẹ̀kùn. Páì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun nìkan ló jẹ wọ́n tutù láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Nígbà tó di Sátidé, ó ti múra sílẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n jókòó, ó bu tíì, ó jẹ́ kí Clem béèrè orúnkún, ó jẹ́ kó sọ ti bálì. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

"Clem, kí lorúkọ ajá wa tó jìn sí kòtò bàbà nígbà tí a wà lọ́mọdé?"

Clem wo Coralie. Coralie la ẹnu.

"Ìwọ, panu mọ́!" Merle jágbe mọ́ ọn. "Èmi àti àbúrò mi là ń sọ̀rọ̀. Clem, ajá wa. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi sunkún."

Clem rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà. "Merle," ó wí, "orúnkún yín ńkọ́?"

Merle gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Bálì ọdún yìí ò burú," Clem wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ òjò ló wà." Ó dúró. Ló bá bẹ̀rẹ̀ àwàdà pásítọ̀ àti akàn, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbé ọwọ́ sókè níbi tó máa ń gbé e, ó rẹ́rìn-ín níbi tó máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ nínú rẹ̀. Ó ń wo àwọn obìnrin méjèèjì bí ẹni tó dé ibi tí ọ̀nà ti tán.

"Jáde lọ wo àwọn adìyẹ Merle fún mi, olólùfẹ́," Coralie sọ fún un jẹ́jẹ́. Clem dìde, ó lọ.

"Láti ìgbà wo?" Merle béèrè.

"Òjò méjì ti rọ̀ tí iyè rẹ̀ ti ń ṣá. Dókítà ní kò sóògùn."

"O sì fi pa mọ́ fún èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀!"

"Òun ló ní kí n fi pa mọ́. Ó ní bí ẹ bá mọ̀, Royce á mọ̀. Bí Royce bá mọ̀, wọ́n á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun kí òun tó kú, wọ́n á sì gbé òun sílé àwọn arúgbó. Ó ní, 'Coral, ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ́ mi kí n lè jọ ara mi.'"

"Irọ́!"

"Merle, ẹ̀yin la ń sá fún."

Merle fẹ́ gbá a létí. Ohun tó dá a dúró ni pé nínú oṣù yẹn gan-an ni Royce sọ fún un pé, "Màmá, ẹ bá mi yọ́jú wò ó bóyá orí Bọ̀dá Clem ṣì pé," òun náà sì ti dáhùn pé òun á wò ó.

Ó rò ó láròjinlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sunday, kò gbọ́ ìwàásù pásítọ̀. Bóyá Clem ló ní kó ṣe é lóòótọ́. Bóyá Coralie ló dá a rò. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí sí i, iyè rẹ̀ ti ń ṣá. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí á gbà á gbọ́. Kí ni Merle fẹ́ ṣe? Ó pinnu pé òun ò ní gbà á gbọ́, òun ò sì ní sọ fún Royce. Òun á lọ jókòó tì wọ́n.

Bó ṣe di pé ní gbogbo Tuesday, Merle máa ń wà nínú ilé ìdáná náà nìyẹn. "Ṣíṣọ́ ni mo wá ṣọ́ ọ," ó sọ fún Coralie. "Ẹ káàbọ̀," Coralie fèsì, ó sì gbé àga fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún òun náà níṣẹ́. Coralie kọ́ ọ bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀, bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan èjìká ènìyàn kí ó tó já sínú ìdákẹ́jẹ́. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Merle á pariwo pé, "Clem, sọ ti pásítọ̀ àti akàn fún wọn!" Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Clem mà ti wá lẹ́nu láti ìgbà tó fẹ́ òṣèré. Royce pàápàá rẹ́rìn-ín. Merle, tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀, wá rí i pé irọ́ náà mọ́ òun lẹ́nu, ẹ̀rù sì bà á.

Ọdún 1989 ni fóònù dún láti Melbourne. Wọ́n fẹ́ Coralie fún fíìmù kan, ipò ńlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá tí irú rẹ̀ ti wá bá a kẹ́yìn.

"Ipò kí ni?" Merle béèrè.

"Obìnrin arúgbó kan tó ń gbé létí òkun. Mi ò ní lọ, Merle. Clem ò ṣeé fi sílẹ̀."

"Máa lọ. Èmi wà níbí." Bí Merle ṣe ń sọ ọ́ ló ń rò ó pé, ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá yóò padà.

Ó lọ. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ló ń tẹ̀ wọ́n láago, á bá Clem sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, kò dé. Merle ti sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀: mo mọ̀, mo mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ níwájú ilé, ó rù, irun rẹ̀ ti funfun pátá. Ó ní wọ́n tún ìran kan yà. Clem wò ó láti orí àga, ó ní, "Obìnrin wo nìyí? Ó mà dára o." Coralie yí ojú sí ògiri.

Clem kú nígbà òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ bọ́ sí Royce lọ́wọ́, ilé bọ́ sí Coralie lọ́wọ́, bí ìwé tí Clem ti kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó ṣe wí. Royce wo ìwé náà, ó wo ìyá rẹ̀. Merle kò rí ibi tí ó máa gbé ojú sí.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni fíìmù náà dé sinimá ní Kadina, ìlú tó wà nítòsí. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kún ọkọ̀ mẹ́ta lọ wò ó. Coralie ò lọ. Ó ní orí ń fọ́ òun. Merle jókòó sáàárín, ó ń jẹ midinmíìdìn, títí ó fi gbọ́ ohun tí fíìmù náà dá lé lórí. Arúgbó tí iyè rẹ̀ ń ṣá ni. Coralie ló wà lójú aṣọ funfun náà, ṣùgbọ́n Clem ni Merle ń rí. Bọ́tìnì tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dè láti ìsàlẹ̀, tó sì máa ń ṣẹ́ ku ọ̀kan. Ẹ̀rín tó máa ń ṣáájú àwàdà dé. Bó ṣe máa ń fọwọ́ kan ojú fèrèsé kó tó kọjá, bíi pé ilé náà lè ṣí lọ. Coralie ò gbàgbé ẹyọ kan. Nítòsí Merle, àwọn obìnrin ń fi aṣọ nu ojú. Òun ò sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Coralie nílé, kò tilẹ̀ jókòó.

"O mú un," ó sọ fún Coralie. "O mú àbúrò mi lọ ta."

Coralie wà nídìí tábìlì, ó ń pa akàn. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo mú un."

"Gbogbo Tuesday yẹn. Gbogbo ìgbà tí o ń kọ́ ọ, tí o tẹjú mọ́ ọn. Ṣé nítorí rẹ̀ ni, àbí nítorí èyí?"

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí fíìmù kankan, Merle."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Coralie nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Kò sí omi lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì dùn. "Láti orí garawa ni mo ti ń wo ènìyàn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ènìyàn láìwò ó. Mo ti bi ara mi ní ohun tí ẹ bi mí yìí, lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀. Bí mo bá sọ pé mo mọ̀, ẹ má gbà mí gbọ́."

Merle jáde, kò sọ pé ó dàbọ̀. Sátidé kan kọjá, wọn ò jọ mu tíì. Èkejì kọjá. Ìròyìn jáde pé wọ́n fún Coralie Venn ní àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù lọ lọ́dún náà, pé iṣẹ́ tuntun mẹ́ta ti wà nílẹ̀ fún un, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. Àwọn aládùúgbò wá kí Merle kú oríire. Ó dá wọn lóhùn pẹ́lú ìfura, bíi pé wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí nǹkan.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kadina fúnra rẹ̀. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán, ó jókòó níwájú pátápátá, níbi tí ọrùn ti ń dunni. Ènìyàn mẹ́rin péré ló wà nínú sinimá. Ó wò ó tán, ó sì tún ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sílé Coralie. Ó fa àga, ó jókòó.

"Má rò pé mo ti gbà ọ́ gbọ́," ó wí.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀," Coralie dáhùn, ó sì gbé omi tíì kaná.